Rọ́ọ̀gì Mòrókò tí wọ́n fún wa, màmá ọkọ mi ní àmì òògùn ló wà lára ẹ̀

Ìyá Moyọ̀ (Lugbe, Abuja)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ẹ bá mi dá sí. Àbúrò ọkọ mi lọ sí Mòrókò fún iṣẹ́, ìgbà tó ń bọ̀ ó ra rọ́ọ̀gì kan wá fún wa. Ó nípọn, irun ẹ̀ gùn, àwọ̀ irun àgùntàn gan-an ló wà wọn ò pa á láró, wọ́n wá fi òwú dúdú fa ìlà sí i lára, àwọn ìlà yẹn ń kọjá lórí ara wọn wọ́n wá di igun mẹ́rin tó dúró lórí ẹnu ṣóńṣó, inú àwọn kan nínú ẹ̀ ní àmì kékeré bí àgbélébùú. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ìlà kan tiẹ̀ kàn yà kúrò lọ́nà ẹ̀, ó gba ibòmíì lọ. Ó rẹwà o, mi ò purọ́.

Àmọ́ màmá ọkọ mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n ṣe wọ pálọ̀ tí wọ́n rí i ni wọ́n dúró. Wọ́n ní irú àmì báyìí kì í ṣe ọnà lásán, ẹni tó fà á mọ ohun tó ń sọ, wọ́n ní ká ká a kúrò nílẹ̀ ká má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ sùn lórí ẹ̀ mọ́. Mo lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n lè fi dá wọn lóhùn, ibẹ̀ ni wọ́n tún ti ní igun mẹ́rin yẹn dúró fún ilé ọmọ obìnrin, ibòmíì ní ó ń lé ojú burúkú, ibòmíì ní ejò ni ìlà tó ń wọ́ yẹn. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí díẹ̀. Wọ́n ní àwọn Amazigh ló hun ún. Ẹ jọ̀ọ́ ta ni wọ́n, kí ni àwọn àmì yìí gan-an, ṣé kí n gbé e kúrò ni? Mi ò fẹ́ bá màmá jà, mi ò dẹ̀ fẹ́ ju nǹkan ẹlẹ́wà dànù tórí ohun tí mi ò mọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé (Kubwa)

Ìyá Moyọ̀, ẹ gbọ́ ti màmá. Àgbà ni wọ́n. Mi ò sọ pé ẹni tó hun ún fẹ́ ibi fún yín o, àmọ́ ohun téèyàn ò mọ ìdí ẹ̀ kì í tẹ́ ẹ sínú ilé tí ọmọ wà. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ padà sí àbúrò ọkọ yín tó bá fẹ́ ẹ.

Àǹtí Fúnkẹ́ (Jabi)

Ìyá Moyọ̀ ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má tíì ká nǹkan kan. Rabat ní Mòrókò ni mo ti kàwé, mo ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ tí ìyá ẹ̀ ń hun rọ́ọ̀gì nílé wọn lápá Khemisset, àwọn Zemmour ni wọ́n, ẹ̀yà kan nínú àwọn Amazigh, mo dẹ̀ jókòó tì wọ́n nídìí òfì lọ́pọ̀ ìgbà nígbà ìsinmi, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn Amazigh ló ni ilẹ̀ àríwá Áfíríkà kí àwọn Lárúbáwá tó dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún keje. Wọ́n wà ní Mòrókò, Àlìjéríà, Tùnísíà, Líbíà, wọ́n wà títí wọ Málì àti Niger. Berber ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ò fẹ́ràn ẹ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún 2011 ni òfin Mòrókò tó sọ èdè wọn di èdè ìjọba pẹ̀lú Lárúbáwá, Àlìjéríà ṣe tiẹ̀ ní 2016, ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó. Ní gbogbo ọdún táwọn ọmọ wọn ń lọ síléèwé tí olùkọ́ ò sọ èdè ìyá wọn, inú ilé lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ni nǹkan tiwọn wà, nínú orin, nínú ìkòkò amọ̀, nínú ohun tí wọ́n ń hun. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀gì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì lásán lójú wọn.

Èyí tẹ́ẹ ṣàpèjúwe yẹn, iṣẹ́ àwọn Beni Ourain ló jọ, ẹ̀yà Amazigh ni àwọn náà, orí òkè Atlas ti àárín ni wọ́n ń gbé. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe eré rárá, ìlú Ifrane tó wà lórí òkè yẹn ni wọ́n ti wọn òtútù tó le jù ní gbogbo Áfíríkà, -23.9 lórí ìwọ̀n Celsius, ní 1935. Yìnyín ń bọ́ níbẹ̀. Nítorí náà rọ́ọ̀gì onírun gígùn yẹn, ibùsùn ni, aṣọ ìbora ni, wọ́n á tiẹ̀ dojú irun ẹ̀ délẹ̀ sára kó lè móoru. Ẹni tó hun ún ń ronú ọmọ tó fẹ́ sùn lórí ẹ̀ ni! Màmá ní kí ọmọ má sùn sí i, ọmọ gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí téèyàn bá rí i, ẹ̀rù yẹn á lọ fúnra ẹ̀. Wọ́n á fọ irun àgùntàn, wọ́n á sá a, wọ́n á fi òòyà eléyín irin méjì ya á títí á fi rí fúlẹ́fúlẹ́, wọ́n á wá ran án. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta òwú, wọ́n á kan èèkàn mọ́lẹ̀ níta, obìnrin kan á jókòó sídìí èèkàn lápá ìhín, èkejì á jókòó lápá ọ̀hún, ẹ̀kẹta á mú bọ́ọ̀lù òwú lọ́wọ́ á máa lọ á máa bọ̀ láàrin wọn, àwọn aládùúgbò á dé, wọn á máa kọrin, tíì á máa lọ yíká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sórí òfì nínú ilé, igi méjì lóòró, igi méjì níbùú, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyá ọ̀rẹ́ mi á jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí àwòrán níwájú wọn o. Ìka ni wọ́n fi ń ka òwú, wọ́n á so kókó kan mọ́ ọn, wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré gé e, wọ́n á so òmíì, tí ìlà kan bá pé wọ́n á ki òwú gba àárín ẹ̀ kọjá, wọ́n á wá fi òòyà irin tó wúwo gbá a mọ́lẹ̀ gbì gbì gbì, ẹ máa gbọ́ ọ láti ìta. Bísímílà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Láwọn ibì kan wọ́n gbà pé òfì ní ẹ̀mí, ọjọ́ tí wọ́n ta òwú sí i ló di alààyè, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gé rọ́ọ̀gì kúrò wọ́n á wọ́n omi sí i bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tó ń kú lọ lómi, torí pé òfì fẹ́ kú nìyẹn.

Nípa ti àmì. Mo bi ìyá ọ̀rẹ́ mi pé kí lèyí, kí lèyí. Wọ́n dárúkọ nǹkan ilé fún mi: òòyà, ayùn, asẹ́, ojú àparò. Mo ní ṣé ó ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀? Wọ́n ní bí ìyá àwọn ṣe ń hun ún nìyẹn. Ìtàn ilé ọmọ obìnrin yẹn, ẹnu àwọn tó ń tà á ní Marrakech ló ti dùn jù, torí pé rọ́ọ̀gì tó bá ní ìtàn máa ń gbówó lórí ju èyí tí ò ní lọ.

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé (Kubwa)

Àǹtí Fúnkẹ́ ẹ ṣeun, mo ka gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ojú burúkú tí Ìyá Moyọ̀ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ẹ ò mẹ́nu bà á. Ṣé òótọ́ ni àbí irọ́? Torí tó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé wọ́n gbà pé àmì yẹn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ohun tí màmá ń sọ náà nìyẹn.

Àǹtí Fúnkẹ́ (Jabi)

Ó dáa pé ẹ bi mí. Òótọ́ ni, mi ò ní bò ó. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ojú burúkú wà, wọ́n dẹ̀ gbà pé àwọn àmì kan, pàápàá igun mẹ́rin tó rí bí ojú àti ohunkóhun tó bá pé márùn-ún bí ìka ọwọ́, máa ń dá a padà. Wọ́n gbà pé ìbùkún wà nínú irun àgùntàn fúnra ẹ̀ pàápàá. Irú àwọn àmì yẹn náà ni àwọn ìyá àgbà wọn máa ń fín sí àgbọ̀n àti iwájú orí, òun náà ló wà lára ìkòkò wọn, lára fàdákà wọn. Fínfín yẹn ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí torí àwọn àlùfáà ní ẹ̀sìn ò fàyè gbà á, àwọn ọmọdébìnrin ò fín in mọ́, ara aṣọ àti rọ́ọ̀gì ló kù sí.

Àmọ́ Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pọfọ̀ sí i, kò sẹ́ni tó da nǹkan sí i, wọn ò dẹ̀ ṣe é láti mú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìyá kan fẹ́ fún àwọn ará ilé ẹ̀ ni, kí ojú ìkà má wò wọ́n. Kristẹni ni èmi náà o. Mo lè má gbà pé ìlà dúdú lè ṣọ́ mi, àmọ́ ìyẹn ò sọ ọ́ di nǹkan burúkú, àdúrà ìyá lórí ọmọ ẹ̀ ló jẹ́ lójú tèmi, mi ò dẹ̀ rí ìdí tí mo fi máa sá fún àdúrà ìyá.

Olú Ọmọ Bùnú (Gwagwalada)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fẹ́ kọjá ni, àmọ́ ìgbà tí mo ka ibi tí Àǹtí Fúnkẹ́ ti ní òfì fẹ̀yìn ti ògiri, tí màmá jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀, mo ní mi ò lè dákẹ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé irú ẹ̀ wà nílé tiwa? Ìyá ìyá mi ní Bùnú, lọ́hùn-ún nítòsí Kàbbà, òfì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Àwọn èèyàn gbọ́ òfì ọkàn wọn á lọ sí Ìṣẹ́yìn, sí aṣọ òkè tí àwọn ọkùnrin ń hun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n á tún rán pọ̀. Ti obìnrin yàtọ̀, ó fẹ̀, lóòró ló dúró, òun ni wọ́n fi ń hun kíjìpá, ẹ máa rí i ní Ọ̀wọ̀, ẹ máa rí i lọ́dọ̀ àwọn Ẹbira ní Okene, ẹ máa rí i lọ́dọ̀ àwa Òkun. Òwú ni tiwa, irun àgùntàn ni tiwọn, àmọ́ igi mẹ́rin yẹn, ìjókòó yẹn, ká máa fi ìka ka òwú láìsí àwòrán níwájú, ọ̀kan náà ni. Ìyá àgbà ò jẹ́ bẹ̀rẹ̀ aṣọ láìgbàdúrà, wọn ò dẹ̀ jẹ́ kéèyàn kàn wá jókòó sídìí òfì wọn bó ṣe wù ú.

Ní Bùnú a ní aṣọ ìpò, pupa ni, òun ni wọ́n fi ń ṣe òkú àwọn èèyàn ńlá. Òwú pupa tó wà nínú ẹ̀, láyé àtijọ́ aṣọ pupa òyìnbó ni wọ́n ń tú, wọ́n á fa òwú ẹ̀ yọ, wọ́n á wá tún un hun. Àwọn kan nínú aṣọ yẹn ti dé mùsíọ́mù òyìnbó. Lóde òní ẹ lọ sábúlé wa kẹ́ẹ wá ẹni tó ṣì ní òfì nílé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n hun ti lọ tàbí ojú wọn ò ríran mọ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó kọ́ ọ díẹ̀, títà ẹ̀ ò mówó wọlé, ó pa á tì.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ màmá dùn mí díẹ̀, mi ò bú wọn o, màmá wa ni wọ́n. Tí aṣọ ìyá ìyá mi bá dé ilé ẹnì kan ní Rabat tí wọ́n ní ká jù ú síta torí àmì ara ẹ̀, báwo ló ṣe máa rí lára wa? Àwọn Amazigh ò jẹ́ kí tiwọn kú bí tiwa. Èmi á sọ pé kí màmá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀, kí wọ́n wo bí obìnrin yẹn ṣe so ó ní kókó kọ̀ọ̀kan. Bóyá àwọn náà rí ìyá wọn nídìí òfì rí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá Moyọ̀ (Lugbe, Abuja)

Olú, omi bọ́ lójú mi. Màmá tiẹ̀ ti sọ ọ́ rí pé ìyá àgbà àwọn máa ń ran òwú. Màá bi wọ́n.

Àǹtí Fúnkẹ́, ìlà tó yà yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì í hun ni àbí ó nídìí?

Àǹtí Fúnkẹ́ (Jabi)

Ìlà tó yà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nì kan fi ìtàn ńlá bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ rántí pé kò sí àwòrán. Nígbà míì òwú dúdú máa ń tán kí ìlà tó pé, nígbà míì ọmọ obìnrin ló gba ọwọ́ ìyá ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ìyá lọ wo ọbẹ̀, nígbà míì ó kàn wù ú kó gba ibòmíì. Ní Azilal àti àwọn abúlé òkè ńlá ẹ máa rí èyí tó jẹ́ pé kò síbi tí apá ìhín àti apá ọ̀hún ti dọ́gba, àwọ̀ pupa, osàn, búlúù, gbogbo ẹ̀ ń sáré. Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní boucherouite, àkísà aṣọ ni wọ́n fi ń hun ún, torí irun àgùntàn ti wọ́n, ẹ máa rí ara súwẹ́tà àtijọ́ nínú ẹ̀, ó dẹ̀ rẹwà débi pé àwọn olówó ń fi kọ́ ògiri.

Nǹkan kan ló ń dùn mí nínú iṣẹ́ yìí ṣá. Nígbà tí Faransé ń ṣàkóso Mòrókò, láàrin 1912 sí 1956, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Prosper Ricard ló kó àpẹẹrẹ àwọn rọ́ọ̀gì jọ sínú ìwé, wọ́n dẹ̀ ń lu òǹtẹ̀ fún èyí tó bá ojúlówó mu. Orúkọ ìlú àti orúkọ ẹ̀yà ni wọ́n fi tò wọ́n. Títí dòní orúkọ tẹ́ẹ máa gbọ́ nìyẹn, Beni Ourain, Azilal, Zemmour, Taznakht. Rọ́ọ̀gì wọn wà nínú ilé tí Frank Lloyd Wright kọ́ sórí odò ní Amẹ́ríkà, Le Corbusier tí òun náà ń yàwòrán ilé gan-an fẹ́ràn ẹ̀, orúkọ àwọn ọkùnrin yẹn gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, orúkọ obìnrin tó fi oṣù gbáko jókòó sílẹ̀ so kókó yẹn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi tí mo ti rí i, ọkọ tàbí alágbàtà ló ń gbé e lọ sọ́jà, ó á gbà á lówó pọ́ọ́kú, ó á lọ tà á lówó gegere fún àlejò ní Marrakech. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin kan fi kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Taznakht pọ̀ fún un. Ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù September 2023 tún wó ọ̀pọ̀ abúlé orí òkè lulẹ̀, èèyàn tó lé ní 2,900 ló kú, ibi tí òkìtì ilẹ̀ bo ilé, ó bo òfì mọ́ ọn.

Nítorí náà ẹ bi àbúrò ọkọ yín, ọwọ́ ta ló ti rà á? Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì sí mi ju kí ni igun mẹ́rin túmọ̀ sí lọ.

Alhaji Ràímì (Sabon Gari, Kano)

Salam aleikum. Mo ń ta rọ́ọ̀gì àti dàdúmá tí wọ́n fi ń kírun ní Kano níbí, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Kí gbogbo wa tó máa jà lórí àmì, ṣé Ìyá Moyọ̀ ti mọ̀ bóyá ọwọ́ ló hun ún lóòótọ́? Torí ohun tí mò ń rí lọ́jà tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀gì Mòrókò, ẹ̀rọ ló hun púpọ̀ nínú ẹ̀, ọ̀rá ni. Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kẹ́ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ọwọ́ ẹ máa rí kókó lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní tò gún bíi ti ìwé, kò ní sí gọ́ọ̀mù tàbí aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo òwú etí ẹ̀ tó ń fì, òwú yẹn gbọ́dọ̀ jáde láti inú rọ́ọ̀gì fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá rán an mọ́ etí, ẹ̀rọ ni. Ẹ fa irun díẹ̀ kẹ́ẹ finá sí i, tó bá ń rùn bí irun orí tó ń jóná tó dẹ̀ di eérú, irun àgùntàn ni. Tó bá yọ́ tó wá gan pa, ọ̀rá ni.

Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tẹ́ẹ rò pé Amazigh jìnnà sí wa, àwọn Buzaye tẹ́ẹ ń rí tó fi láwàní bojú, tó ń ṣọ́ géètì ní Kano, ní Kaduna, ní Abuja níbẹ̀ pàápàá, Tuareg ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, èdè wọn àti ti àwọn ará Mòrókò yẹn, ìyá kan náà ló bí wọn. Láyé àtijọ́ Kano níbí ni wọ́n ti ń wá ra láwàní aláró, èyí tí wọ́n máa fi igi lù títí á fi máa dán, tí aró ẹ̀ ń ràn sí wọn lójú. Àwọn obìnrin wọn náà ń ṣe ẹní, koríko gígùn ni wọ́n ń tò, wọ́n á fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ hun ún pọ̀ di ọnà, wọ́n á ta á yí inú àgọ́ ká. Àgọ́ yẹn ti obìnrin ni o, òun ló ń gbé e bọ̀ láti ilé bàbá ẹ̀ tó bá fẹ́ lọ́kọ. Mo ní ọ̀kan nínú ẹní yẹn nílé mi, bàbá kan láti Agadez ní Niger ló tà á fún mi, ọnà ara ẹ̀ igun mẹ́rin náà ni. Mo ń kírun lórí ẹ̀.

Ìyá Moyọ̀ (Lugbe, Abuja)

Alhaji ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, kókó ló kún bẹ́ẹ̀ rẹpẹtẹ, òwú etí ẹ̀ láti inú ló ti jáde, mo finá sí irun ẹ̀ díẹ̀ gbogbo kíṣìnì ló ń rùn bí irun orí. Àbúrò ọkọ mi dẹ̀ fèsì lórí Wásáàpù, ó ní Azrou ni òun ti rà á, lọ́wọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ìyá tó hun ún wà níbẹ̀, òun bá a ya fọ́tò. Màmá wo fọ́tò yẹn pẹ́. Wọn ò tíì sọ pé ká tẹ́ ẹ padà o, ohun tí wọ́n kàn bi mí ni pé ọmọ mélòó ni ìyá yẹn bí.

Yàrá tèmi ni màá tẹ́ ẹ sí ná, ọ̀wọ̀ màmá ni mo fi ń ṣe. Alhaji ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń tọ́jú ẹ̀? Eruku ọyẹ́ ti wọ inú ẹ̀ gan-an.

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé (Kubwa)

Tó bá ti jẹ́ pé ẹ mọ ẹni tó hun ún, mi ò ní ohun tí mo tún fẹ́ sọ sí i. Ẹ bá mi kí màmá.

Alhaji Ràímì (Sabon Gari, Kano)

Ẹ fi kọ́ okùn níta láàárọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ẹ fi igi nà, kì í ṣe ojú ẹ̀. Ẹ má kì í bọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ láé, ẹ má fi bílíìṣì kàn án, omi gbígbóná ò gbọ́dọ̀ kàn án, ó máa sún kì. Omi tútù àti ọṣẹ ìfọrun díẹ̀ ti tó tí nǹkan bá dà sí i, ẹ fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, ẹ má ha á. Abẹ́ ibòji ni kẹ́ẹ sá a sí, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó gbẹ dénú. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ká a pa mọ́, ẹ rí i pé ó gbẹ kẹ́ẹ tó ká a, kẹ́ẹ dẹ̀ máa tú u wò lóòrèkóòrè torí kòkòrò tó ń jẹ irun àgùntàn, inú òkùnkùn tí wọn ò ti fọwọ́ kan nǹkan ló fẹ́ràn. Èyí tí wọ́n ń rìn lórí ẹ̀ lójoojúmọ́ kì í sábà ní in.